Olùrànlọ́wọ́ Tí Màmá Tẹ́ Ẹní Dè

Winnipeg, Kánádà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Bàbá mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùn o. Ẹ kú ọyẹ́. Màmá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Ẹ bá mi kí Hàbíbàt tó ń ṣe POS níwájú ilé wa, tó ń fi fóònù rẹ̀ ya lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ìpè, pé ariwo ẹ́ńjìnnì ogójì ọdún ti ṣe etí yín báṣubàṣu. Kò burú. Lẹ́tà yín dùn mọ́ mi ju ìpè lọ, torí mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Òtútù ibí yìí ò ṣeé fẹnu sọ. Imú mi ti di ti àlejò lójú mi. Ṣùgbọ́n ara le, iṣẹ́ ń lọ, mo sì ń rí ìrẹsì jẹ.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Mùstàfá pè mí. Ó ní ẹ ti fi ọkọ̀ gbá géètì ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ó ní tó bá di Iléyá, òun ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè bá a jà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó wá gbà pé tí mo bá ra ọkọ̀ tó dáa fún yín, tó ní olùrànlọ́wọ́ awakọ̀, òun á jókòó tì yín lẹ́ẹ̀kan láti Igbó-Ọrà dé Ìbàdàn. Tí ọkàn òun bá balẹ̀, ẹ máa wà á lọ. Tí kò bá balẹ̀, ó parí nìyẹn.

Mo ti rí ọkọ̀ méjì, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà. Ọ̀kan ò ní olùrànlọ́wọ́, èkejì ní. Ó dáa o, Bàbá! Kì í sùn, kì í bínú. Ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ẹ̀gbẹ́. Tí èèyàn bá já sójú títì tẹ́ ò tètè rí i, òun á tẹ bíréèkì. Tí oorun bá fẹ́ gbé yín lọ, á pariwo mọ́ yín. Láti Japáànù ló ti bá ọkọ̀ náà wá. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré la máa san án. Ṣé ká mú un? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹni tó ń tà á ò ní dúró dè mí títí.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùnírátù.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní, 2025.

Mùnírátù, Àwẹ̀ró mi,

Wàálékùn sàlámù. A dúpẹ́, àlàáfíà la wà. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fúyẹ́. Lánàá ló lé ewúrẹ́ onígbèsè kan láti ìdí àdògán dé ojúlé kẹta.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo jókòó. Mo tún un kà, mo dìde dúró. Kí ló dé, Mùnírátù? Èmi Búrẹ́mọ̀, tí mo wakọ̀ Igbó-Ọrà sí Ìbàdàn fún ogójì ọdún, ìwọ lo fẹ́ wá kọ̀ǹdọ́ fún? Kọ̀ǹdọ́ tí mo lò kẹ́yìn, Èrúwà ni mo já a sílẹ̀ sí, tọwọ́ tẹsẹ̀, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìwọ wá fẹ́ rán ẹni tí yóò máa pariwo mọ́ mi sí mi!

Ará Japáànù kẹ̀! Ṣé ó gbọ́ Yorùbá? Ṣé ó ń kírun? Tó bá gba bíréèkì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, èdè wo ni mo fẹ́ fi bú u? Èyí tó wá ga jù ni pé o ní ẹ̀ẹ̀kan péré la máa sanwó rẹ̀, àti pé ẹnì kan ló ń tà á. Àsìtàgàfúrúlà! Ṣé wọ́n ṣì ń ta èèyàn níbi tó o wà ni? Èèyàn tí kì í sùn, tí wọ́n á sanwó fún lẹ́ẹ̀kan, tí á ṣiṣẹ́ títí ayé? Ẹrú nìyẹn. Ọmọ tí mo fi síléèwé kéwú, má fowó rẹ ra ẹrú fún mi. Háráàmù gbáà ni.

Ìyá rẹ ò tiẹ̀ gbè mí. Ó ní àlejò Ọlọ́run ni. Ó ti kó àwọn àpò gàrí kúrò ní yàrá rẹ, ó ti tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀, ó ti ra ife àti àwo ọ̀tọ̀. Láàárọ̀ yìí ló ń bi mí pé ṣé ará Japáànù lè jẹ ọbẹ̀ ìlasà. Mo ní tí kò bá lè jẹ ẹ́, kó gba ibi tó gbà wá padà.

Kọ̀wé sí mi kíákíá. Sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kí n mọ ẹni tí mò ń lé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Búrẹ́mọ̀.


Winnipeg,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní, 2025.

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé òyìnbó tó jókòó tì mí dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn. Omi ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe èèyàn o! Kò sí ará Japáànù kankan! Ẹ̀bi èdè wa ni: “ó” tá a fi ń pe èèyàn náà la fi ń pe ọkọ̀, èmi náà ò sì là á yé yín.

Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Kámẹ́rà kékeré kan wà lókè gíláàsì iwájú, nǹkan mìíràn wà lábẹ́ bọ́ńpà tó ń bá a wo ọ̀nà. Tó bá rí i pé ẹ fẹ́ kọlu nǹkan, tẹ́ ò sì tíì tẹ bíréèkì, á kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà á tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Tí ọ̀kadà bá yọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbi tí dígí ò dé, iná kékeré á tàn lára dígí náà. Tẹ́ ẹ bá ń fi rífáàsì jáde, ẹ máa rí ẹ̀yìn nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, tí nǹkan bá ń bọ̀ á ké. Ó tún ń wo ìlà funfun ojú títì. Tẹ́ ẹ bá ń yà kúrò nínú rẹ̀, á rọra dá sítíárìn padà. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò ní jẹ ìlasà.

Ẹ ní kí Màmá dárí jì mí. Ṣé ká mú un báyìí?

Mùnírátù yín.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kìíní, 2025.

Mùnírátù,

Mo ti gbọ́. Gbogbo àdúgbò náà ti gbọ́, torí Hàbíbàt ò lè pa ẹnu mọ́. Àwọn èèyàn ń bi mí pé àlejò mi dà. Ìyá rẹ ò tíì ká ẹní rẹ̀. Ó ń bínú sí ẹ, ó ní o jẹ́ kí òun fọ aṣọ fèrèsé lásán.

Ní ti ẹ̀rọ rẹ yìí, jẹ́ kí awakọ̀ bá ẹ sọ̀rọ̀. Ìlà funfun wo ló fẹ́ máa wò? Láti ibí lọ sí Tápà, ibi tí mò ń gbé àwọn obìnrin ọlọ́jà lọ, tí mo bá rí ìlà funfun, màá sọ̀kalẹ̀ kí i. Kòtò ni tiwa. Tí mo bá yà fún kòtò, tí ẹ̀rọ ní kí n padà sínú ìlà, ṣé inú kòtò ni kí n kó gàrí Salome èrò mi dà sí? Ó ń tẹ bíréèkì tó bá rí nǹkan níwájú, o wí. Ewúrẹ́ ńkọ́? Adìẹ ńkọ́? Tí yóò bá máa dúró fún gbogbo wọn, ọjọ́ kejì ọjà la ó tó dé ọjà. Eruku pupa yóò bo kámẹ́rà náà lójú kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá sì bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Japheth rewáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe? Ìgbà tó tún họ́ọ̀nù mi ṣe kẹ́yìn, tí mo bá tẹ họ́ọ̀nù, wáípà ló ń ṣiṣẹ́.

Ra èyí tí kò ní. Fi owó tó kù ra kóòtù tó nípọn. Ojú mi tó mi í wakọ̀.

Ní ti géètì, géètì náà ni kò dúró dáadáa. Má bi mí mọ́.

Bàbá rẹ,
Búrẹ́mọ̀.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ borí mi lórí ọ̀rọ̀ ìlà funfun. Bọ́tìnnì wà tí wọ́n fi ń pa ìyẹn, ẹ máa pa á. Ẹ sì borí mi lórí Japheth. Ẹ̀rín ló pa mí.

Ṣùgbọ́n bíréèkì àti èyí tó ń wo ẹ̀yìn, ìyẹn ni mo fẹ́ sanwó fún. Torí géètì, Bàbá. Mo wà ní kíláàsì kejì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ri géètì yẹn mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, kò rìn lọ sí Èrúwà, kò rìn lọ sí Ayétẹ̀. Ọwọ́ yín sì ti mọ géètì yẹn dunjú. Ẹ lè fojú dídì wọlé. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Mo mọ bí baba ṣe ń sọ̀rọ̀ tó bá ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹ sọ fún mi. Mi ò ní sọ fún Mùstàfá àfi tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ti gbà láti dúró dè mí di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mùnírátù.


Winnipeg,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì, 2025.

Bàbá mi,

Ọjọ́ mẹ́wàá rèé, n kò rí lẹ́tà. Mo bi Hàbíbàt. Ó ní ẹ kọ̀wé, ẹ ya á. Ẹ tún kọ òmíràn, ẹ tún ya á. Mo ní fọ́tò rẹ̀ dà? Ó ní kì í ṣe fọ́tò, pé fífàya lẹ ń fà á ya.

Mo bínú tẹ́lẹ̀. N kò bínú mọ́, ẹ̀rù ló kù. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ má ya á. Ó ku ọjọ́ márùn-ún.

Mùnírátù yín.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, 2025.

Àwẹ̀ró mi,

Hàbíbàt dúró tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní òun ò kúrò kí n tó kọ ọ́ tán. Ọmọ náà le.

Wò ó, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Ká ní ìlú míì ni mò ń gbé, ẹni tó bá rí èèyàn méjì tó jọra, tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, á sáré tọ dókítà lọ. Ṣé ìwọ náà mọ ìlú wa? Ní Igbó-Ọrà, á kàn ní, “Táyé, Kẹ́hìndé, ẹ ǹlẹ́ o,” á bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn! Mo ń kí wọn káàkiri. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìbejì ọdún yìí mà pọ̀. Ó ní, “Bàbá Mùstàfá, àánú Ọlọ́run ni.” Mo rí ewúrẹ́ méjì, mo ní àwọn ewúrẹ́ náà ti kọ́ ọ lára wa.

Ọjọ́ tí mo mọ̀, Salome oní-gàrí ló dúró níwájú ọkọ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe bí Salome, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí lọ́jọ́ náà. Mo wá rí Salome méjì. Mo ní, “Salome, èkejì rẹ rèé?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré. Mùnírátù, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ojú mi ni.

Ní ti géètì, méjì ni mo rí. Mo gba àárín wọn kọjá. Àárín wọn gan-an ni géètì wà.

Láti ọjọ́ tí mo rí Salome méjì, n kò gbé èrò mọ́. Mo purọ́ fún wọn pé ọkọ̀ bàjẹ́. Ọkọ̀ ò bàjẹ́, èmi ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Tí mo bá jókòó sídìí ọkọ̀, mo mọ ẹni tí mo jẹ́. Nílé, mo kàn jẹ́ baba arúgbó tí wọ́n ń sọ fún pé kó sún ẹsẹ̀ kí wọ́n ráyè gbálẹ̀. Tí Mùstàfá bá gbọ́, ó parí. Ohun tí mi ò fi lè gba ẹ̀rọ rẹ nìyẹn. Ó dà bíi kí n fẹnu ara mi sọ pé ojú ti kú.

Bàbá rẹ.


Winnipeg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025.

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo dé ibi tẹ́ ẹ ti gba àárín géètì méjì, mo sì yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fúnra yín láìsí ẹni tó mú yín. Awakọ̀ gidi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú yín ò kú. Ó jọ pé nǹkan funfun ló ń bo ẹyinjú yín. Ọ̀pọ̀ àwọn arúgbó mi níbí ló ti ní in, wọ́n sì ń ṣe é lọ́sibítù, èèyàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò n'Íbàdàn. Mo ti ra ọkọ̀ tó ní olùrànlọ́wọ́, mo sanwó láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mi ò rà á kó máa ríran fún yín. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá ríran, ẹ̀rọ kankan ò lè bá a wakọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ojú, ká tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ohun kan ló kù. Ẹnu yín ni kí Mùstàfá ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi.

Mùnírátù yín.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, 2025.

Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ẹ́.

Ẹ kú ọdún Iléyá o. Mo mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó kọ lẹ́tà gidi, pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ni Hàbíbàt ń bá mi fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pé ni.

Mùstàfá kò bínú nígbà tí mo sọ fún un. Ó kàn dì mọ́ mi. Òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù ojú. Wọ́n ṣe ti òsì kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n ṣe ti ọ̀tún lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Mùnírátù, ọjọ́ tí mo délé, Igbó-Ọrà ti dín kù sí ìdajì! Àwọn ìbejì tó kù báyìí, ojúlówó ni wọ́n. Mo rí ìyá rẹ, mo ní kí ló dé tó o hunjọ báyìí. Kò fún mi lóúnjẹ di ìrọ̀lẹ́. Dókítà yẹ ojú náà wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, ó ní kí n máa wakọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé náà wà nínú ọkọ̀, n kì í gbé e jáde.

Ọkọ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ẹ. Èyí tó ń wo ìlà funfun, mo pa á lọ́jọ́ kìíní. Ó ń bá mi du sítíárìn bí ìyàwó tó fẹ́ gba owó ọbẹ̀. Èyí tó ní oorun ń kùn mí, ó ń bú mọ́ mi tí mo bá ti ń bá Salome sọ̀rọ̀ jù, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Eruku ń dí i lójú lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni mo ń nù ún. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wo ẹ̀yìn, ọmọ mi, ká ní mo ní i láti ìgbà èwe mi! Mo ń fi rífáàsì jáde lójà Tápà, ó ké, mo dúró. Ìyá kan ló jókòó sílẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń ṣa ẹ̀gẹ́. Ojú mi ríran gedegbe lónìí, síbẹ̀ dígí mi ò lè fi ìyá yẹn hàn mí. Bíréèkì náà tún ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè. Ewúrẹ́ já sójú títì, èmi àti ẹ̀rọ jọ tẹ bíréèkì ni. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn lọgun “Láílà!” Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, àwa méjì la ń wakọ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ níbẹ̀ pé ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà lé e, ní bàbá rẹ ní ó tó, àfi kí wọ́n gé owó ìlà funfun kúrò.

Ó wá ku Mùstàfá. Ìwọ náà rántí àdéhùn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Iléyá, ó ní òun fẹ́ padà sí Ìbàdàn, kí n máa gbé òun lọ. Ó jókòó síwájú. Ó fa bẹ́líìtì títí ó fi fẹ́ gé e. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ẹ̀rù bà mí; ogójì ọdún ni mo fi gbé èrò, ẹnì kan ò dán mi wò rí àfi ọlọ́pàá. A dé Èrúwà, ó fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó bi mí nípa iná tó ń tàn lára dígí, mo ṣàlàyé fún un. A tún lọ díẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ẹran ọdún. Nígbà tó yá mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo wo ẹ̀gbẹ́. Mùstàfá ti sùn lọ. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun. Mùnírátù, mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ fọn họ́ọ̀nù kí gbogbo ayé gbọ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dín eré kù, mo ń yẹ kòtò jẹ́jẹ́ kó má baà jí. Mo gbé ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ tọ́ ọ. Ó jí, ó wo ilé, ó wò mí, ojú tì í. Ó nu ẹnu. Mo ní, “Àjàní, o ní o fẹ́ wò mí. Ṣé o ti wò mí?”

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹrí ba lójú fèrèsé. Ó ní, “Bàbá, ẹ tètè máa wakọ̀ padà lọ, Màmá ń retí yín.”

Èmi ni bàbá rẹ, awakọ̀,
Búrẹ́mọ̀.